Odú Kì Í Ṣe Àìmọ̀ fún Olóko: Ta Ló Mọ Ewé Inú Ìgò?

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà Ọ̀sanyìn tó ni ewé. Ìbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ orúkọ ewé kí ẹ tó já a. Mo júbà kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí yóò korò lẹ́nu àwọn kan, kíkorò gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì dá lé.

Àwọn àgbà Ìkòròdú sọ fún wa pé láti ara odú ni orúkọ ìlú wa ti jáde: oko odú ni àwọn tó tẹ ìlú dó bá níbẹ̀. Ìlú tí ewé sọ lórúkọ ni wá. Òwe Yorùbá sì ń bẹ lẹ́nu gbogbo wa pé odú kì í ṣe àìmọ̀ fún olóko. Olóko mọ odú nítorí pé ó mọ ibi tó ti hù, ó mọ ìgbà tí a ń já a, ó mọ bí a ṣe ń sè é, ó sì mọ̀ pé èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń fi sẹ́nu. Ìmọ̀ ni òwe náà ń yìn, kì í ṣe ewé lásán. Ìbéèrè mi nìyí, ẹ̀yin ọmọ Ìṣẹ̀ṣe: ta ló mọ ewé inú ìgò tí wọ́n ń tà fún wa lórúkọ àwọn baba wa?

Mo ń gbé níbi tí kò jìnnà sí Odógunyàn, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣàgámù, níbi tí ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá Ìkòròdú wà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán bá ń jáde tí àwọn ti òru ń wọlé, ẹ ó rí tábìlì àwọn alágbo níta géètì. Lórí tábìlì kan náà ni ike agbo, ìgò paraga, ọtí inú ọ̀rá àti ìgò bitters tí wọ́n ya ewé sí lára wà. Ẹni tó ti dúró ti ẹ̀rọ láti àárọ̀, tí kò rí ju búrẹ́dì àti àkàrà jẹ, yóò ní inú òun wú, oúnjẹ kò dà. Wọn yóò bu ife kan fún un. Wọn yóò ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀, ó ń fọ òróòro, ó ń lé jẹ̀díjẹ̀dí, ó dára fún ẹ̀yìn, ó dára fún ojú, ó dára fún ohun gbogbo. N kò bá ìyá tó ń ta á jà. Ọmọ ló ń fi í bọ́. Àwọn tí mo ń bá jà ni àwọn olówó tó ń rọ ìgò, tó ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i lára, àti àwọn kan nínú wa, onílẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn nítorí pé wọ́n ya ewé sára ìgò.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kíkorò kì í ṣe ẹ̀rí. Ewé tó lágbára láti mú òróòro ṣàn lágbára láti ṣe ẹni tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ ti dí ní ibi. Nítorí náà, ìgò tí kò dárúkọ ewé, tí kò ní ìwọ̀n, tí kò sì béèrè irú ara tí ẹni tó fẹ́ mu ún ní, kì í ṣe ti Ìṣẹ̀ṣe, bó ti wù kí àwòrán ara rẹ̀ fi ẹ̀yà jọ ọ́ tó.

Kí ni òróòro tilẹ̀ jẹ́? Ẹni tó bá ti kun adìẹ rí mọ̀ ọ́n. Àpò kékeré aláwọ̀ ewé kan ni, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀. Ìyá wa a máa kìlọ̀ pé kí a rọra yọ ọ́, nítorí bó bá bẹ́, ẹ̀dọ̀ àti iwe yóò korò, ọbẹ̀ á sì bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro. Láàárín ọjọ́ kan, ó ń ṣe tó ìdajì lítà sí lítà kan. Àpò òróòro kàn ń bá a tọ́jú díẹ̀ ni, bí ìwọ̀n mílílítà 30 sí 50, tó ti ki. Bí a bá jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, tí ọ̀rá náà dé inú ìfun, ìfun á ránṣẹ́ sí àpò náà nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, àpò á fún ara rẹ̀, omi òróòro á sì ṣàn wá bá oúnjẹ. Ó ń tú ọ̀rá bí ọṣẹ ṣe ń tú epo lára àwo. Bó bá parí iṣẹ́ tán, ara kì í dà á nù: bí 95 nínú 100 iyọ̀ òróòro ni ìfun ń fà padà sínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń padà sí ẹ̀dọ̀ láti tún ṣiṣẹ́.

Ẹ rò ó wò. Ẹ̀dọ̀ ni alágbàfọ̀ ara. Ẹni tó bá ní òun ń ta omi tó ń fọ ẹ̀dọ̀ dà bí ẹni tó ń ta kànìnkànìn fún ọṣẹ. Àwọn baba wa kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n pe àìsàn tó ń mú kí òróòro ṣìnà wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní ibà pọ́njú pọ́ntọ̀, nítorí wọ́n ti kíyè sí i pé ojú á pọ́n, ìtọ̀ á sì pọ́n. Wọn kò ní ẹ̀rọ, wọn kò ní yàrá àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú fèrèsé méjì tí ènìyàn lè gbà wo inú ẹ̀dọ̀ láti òde. Ìmọ̀ nìyẹn. Orúkọ àìsàn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò.

Ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Èmi kò sí lára àwọn tó ń pe ewé ní ohun ìbọ̀rìṣà tí kò níláárí. Ohun kíkorò níṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara, ẹ̀rí rẹ̀ sì pọ̀. Ní 1985, Anthony Buckley tẹ ìwé kan jáde lórí ìṣègùn Yorùbá. Ohun tó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn wa ni pé aràn àti kòkòrò ń gbé inú ara, wọ́n sì ní iṣẹ́ tiwọn níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pọ̀ jù ni wọ́n ń di àìsàn. Ohun dídùn ń mú wọn pọ̀ sí i, ohun kíkorò sì ń dín wọn kù. Ẹ kíyè sí i: ìwọ̀n ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lé, láti òkè délẹ̀.

Ní 1987, nínú igbó Mahale ní orílẹ̀-èdè Tanzania, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Michael Huffman àti Mohamedi Seifu, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tó mọ ewé, rí ìnàkí kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ya igi ewúro, ó bó èèpo rẹ̀, ó jẹ ọ̀pọ̀ inú rẹ̀ lẹ́nu, ó fa omi rẹ̀ mu, ó sì tu ṣàkàṣàkà rẹ̀ dà nù. Ní ọjọ́ kejì ara rẹ̀ ti ń mókun, ó sì ti ń jẹun. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní 1989. Ìnàkí pàápàá mọ apá tí a ń lò lára ewúro, ó mọ èyí tí a kì í gbé mì.

Ní Jámánì, àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ewé kíkorò tiwọn, artichoke, tí wọ́n ti ń lò fún inú láti ayébáyé. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún àwòrán ara ìgò. Ìjọba wọn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1978, Commission E, láti yẹ irú ewé bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1994, wọ́n fún àwọn ọkùnrin 20 tí ara wọn le ní omi ewé náà, wọ́n sì wọn omi òróòro tó ń ṣàn sínú ìfun wọn. Ó pọ̀ sí i gidigidi láàárín wákàtí kan. Ìgbìmọ̀ náà fọwọ́ sí i fún inú tí oúnjẹ kì í dà. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ẹni tí ọ̀nà òróòro rẹ̀ bá dí kò gbọdọ̀ lò ó.

Ata ilẹ̀ pupa, tí ó wà ní gbogbo ọjà wa, náà ti gba ìdánwò. Ní 1999, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n fún àwọn ènìyàn 12 ní mílígírámù 20 péré curcumin, ohun tó ń mú ata ilẹ̀ náà pọ́n, wọ́n sì fi ẹ̀rọ sikáànì wo àpò òróòro wọn. Àpò náà fún ara rẹ̀ títí ó fi dín ní nǹkan bí 29 nínú 100. Ìwọ̀n tó kéré ju èékánná lọ ló ṣe èyí! Ewúro ńkọ́? Ní 2008, àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà tẹ ìwádìí tiwọn jáde: omi ewúro mú kí omi kíkan inú àpòjẹ eku pọ̀ sí i, ó sì mú kí ìfun rẹ̀ yára sí i. Nípa awọ́pa, tí àwọn kan ń pè ní dókítà igbó, èèpo rẹ̀ kún fún àwọn ohun bíi palmatine àti jatrorrhizine, àwọn ohun aláwọ̀ òféèfèé tí kì í ṣe ohun ṣeréṣeré nínú ara. Àwọn baba wa kò purọ́ fún wa. Iṣẹ́ ń bẹ nínú ewé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ẹ̀rí náà dé òpin, kí a má kàn mú ìdajì tó wù wá. Bí ata ilẹ̀ pupa bá lè mú kí àpò òróòro fún ara rẹ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí òkúta bá wà nínú àpò náà? Ó lè ti òkúta náà sí ojú ọ̀nà tóóró, kí ó sì há síbẹ̀. Bí ewúro bá ń mú kí omi kíkan pọ̀ nínú àpòjẹ, kí ni ẹni tó ní ọgbẹ́ inú ń wá nídìí omi ewúro ní àárọ̀ kùtù láì tíì jẹun? Agbára kan náà tó wo ẹnì kan sàn ni yóò ṣe ẹlòmíràn léṣe. Kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ohun tí àwọn àgbà ń wí: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Mo mọ ọkùnrin kan ní àdúgbò mi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Bó bá jẹ ohun díndín, ìrora á mú un lábẹ́ ìhà ọ̀tún títí dé èjìká. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní òróòro ló ń dà á láàmú, kí ó máa mu bitters. Ó mu ún fún oṣù mẹ́rin, ìgò lé ìgò. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n bí osùn, ó mú owó lọ́wọ́, ó lọ bá àgbà oníṣègùn kan pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní agbo ibà pọ́njú tó lágbára.” Bàbá kò fún un ní nǹkan kan. Ó béèrè bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Ó ní ó dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Ó béèrè bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ó ní ó funfun bí ẹfun. Bàbá mi orí, ó ní, “Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ibà. Òróòro kò rí ọ̀nà dé ìfun, ni ìgbẹ́ rẹ fi funfun. Gọ́tà tó bá dí, a kì í tún da omi sí i. Gbéra ńlẹ̀ báyìí, kí o lọ sí ilé ìwòsàn.” Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bá òkúta nínú ọ̀nà òróòro rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó wà láàyè lónìí.

Ẹ sọ fún mi, nínú ìgò àti bàbá yẹn, èwo ni Ìṣẹ̀ṣe? Ìgò kì í béèrè orúkọ. Ìgò kì í wo ojú, kì í béèrè ìtọ̀, kì í dá Ifá, kì í béèrè èèwọ̀ ìdílé. Ìgò kò lè sọ fún ènìyàn pé kí ó gba ilé ìwòsàn lọ. Oníṣègùn tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ mọ ẹni tó fẹ́ fún loògùn kí ó tó na ọwọ́ sí ewé. Àwọn tó ń ta ìgò jí ewé mú lọ, wọ́n fi ìmọ̀ sílẹ̀.

Wọ́n sì tún da ọtí sí i. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù. Nínú àwọn ìgò tí wọ́n ń pè ní bitters, a rí èyí tí ọtí inú rẹ̀ tó 30 sí 40 nínú 100, gẹ́gẹ́ bí ara ìgò náà fúnra rẹ̀ ṣe wí. Paraga ní tirẹ̀, inú ògógóró ni wọ́n ti rẹ ẹ́. Wọn á wá ní ó ń tún ẹ̀dọ̀ ṣe! Láti 1988 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, ẹ̀dọ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n dárúkọ. Ẹni tó ń fi ọtí wo ẹ̀dọ̀ sàn ń fi epo bẹntiróòlù pa iná. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àwọn kan yóò ní àwọn baba wa náà ń fi ọtí rẹ egbò. Òótọ́ ni. Ọtí wà lára ohun tí a fi ń júbà, ó wà lára ohun tí a fi ń fa agbára inú egbò jáde. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ṣíbí ni, ní àkókò rẹ̀, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ìgò kan lójúmọ́ níta géètì ilé-iṣẹ́.

Ẹ rántí Òde-Ìrèlè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì níbẹ̀. Orí á fọ́ wọn, ojú wọn á fọ́, wọn á sì kú láìpẹ́. Ó lé ní ènìyàn 15 tó bá a lọ. Ìròyìn tó kọ́kọ́ tàn ká ni pé Málòkun ló bínú, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ kan wọ ojúbọ rẹ̀ jalè. Ìròyìn náà rin ìrìn àjò ká ayé. Wọ́n fi òrìṣà wa ṣe apànìyàn lójú gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní methanol ni, ọtí olóró tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Láìpẹ́ sígbà náà irú ikú kan náà ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de títà ògógóró nínú oṣù kẹfà ọdún náà.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò dáadáa. Ta ló dá Málòkun láre? Àyẹ̀wò ni. Yàrá àyẹ̀wò tí àwọn kan nínú wa ń pè ní ọ̀tá òrìṣà ni ó yọ ẹ̀sùn ìpànìyàn kúrò lọ́rùn òrìṣà. Methanol kò ní adùn tirẹ̀ tí ahọ́n lè fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí, pàápàá bí ewé kíkorò bá ti bò ó mọ́lẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la níta géètì Odógunyàn, orúkọ ta ni ẹ rò pé wọn yóò kọ́kọ́ dá? Wọn kò ní dárúkọ ẹni tó rọ ìgò. Àwọn òrìṣà wa ni wọn yóò dárúkọ.

Àwọn míràn yóò ní NAFDAC ti fi nọ́ńbà sí i, nítorí náà kò séwu. Ẹ yí ìgò náà padà, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tó wà níbẹ̀. Lára oògùn ewé tí NAFDAC kàn kọ sínú ìwé, òfin ní kí wọ́n kọ ọ́ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ pé ó ń wò wò. Ohun tí àjọ náà yẹ̀ wò ni bóyá ó mọ́, bóyá kò ní májèlé tó hàn gbangba. Bóyá ó ń mú òróòro ṣàn, bóyá ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí sàn, kò sí ẹni tó dá a wò. Wọ́n kọ òtítọ́ yẹn ní lẹ́tà tó kéré ju kòkòrò lọ, wọ́n sì kọ irọ́ ní lẹ́tà tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́, ní èdè tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu ún kò kà.

Ohun tó dùn mí ni pé nínú ẹgbẹ́ tiwa, bí a bá dárúkọ ìdánwò, àwọn kan á ní ìtàbùkù ni fún Ọ̀sanyìn. Mo bi wọ́n pé: kí ni a ń fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ ṣe? Ṣé a kì í da ìbò láti mọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́? Babaláwo tó bá gbọ́ ohun tí Ifá wí tún ń béèrè bóyá ẹbọ náà dà. Ẹ̀sìn wa kì í ṣe ẹ̀sìn tó ń sá fún ìbéèrè. Ìbéèrè ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdánwò sì ń dun ẹni, ó ń korò bí ewúro. Ẹ wo ẹ̀yìn olobe, ewé tí àwọn baba wa ń lò fún pọ́njú. Ní 1988, ìwádìí kan láti Íńdíà jáde pé ó mú àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B kúrò lára ọ̀pọ̀ àwọn tó lò ó. Baruch Blumberg, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976, wà lára àwọn tó kọ ọ́. Inú gbogbo ayé dùn. Nígbà tí àwọn míràn dán an wò níbòmíràn, wọn kò rí irú èsì bẹ́ẹ̀. Ṣé ó yẹ kí a sin ìròyìn kejì, kí a máa gbé ti àkọ́kọ́ kiri? Rárá o. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni tó gba èsì tó dùn tí ó kọ èyí tó korò, kò yẹ ní ẹni tí ń tajà ewé kíkorò.

Àwọn míràn á ní awo ni, a kì í tú awo síta. Èmi náà mọ awo, mo sì ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ewé inú agbo inú kì í ṣe awo mọ́ láti 1995, ọdún tí Pierre Verger tẹ ìwé rẹ̀ lórí ewé jáde, tó ti to oògùn tó lé ní 400 tí ó gbà lẹ́nu àwọn babaláwo wa. Ní Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà ti tẹ ìwé tirẹ̀ lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ Áfíríkà jáde ní 1982. Ohun tó kù tó jẹ́ awo ni ọ̀rọ̀ tí a ń pè sí ewé, kì í ṣe ìwọ̀n tó lè pa ènìyàn. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ mu oògùn kò pa awo mọ́. Ara rẹ̀ ló ń bò.

Àwọn ìlú míràn ti fi hàn wá pé ó ṣeé ṣe. Ní Ghana, láti 1975 ni ilé ìwádìí ewé ti wà ní Mampong-Akuapem, tí Dókítà Oku Ampofo dá sílẹ̀, níbi tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn dókítà ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní Ṣáínà, Tu Youyou ka ìwé àtijọ́ àwọn baba tirẹ̀, ó rí i níbẹ̀ pé omi tútù ni wọ́n fi ń rẹ ewé ibà kan, kì í ṣe gbígbóná. Ó dán an wò, oògùn ibà artemisinin jáde, ó sì gba Nobel ní 2015. Kò tijú ìwé àwọn baba rẹ̀, kò sì bẹ̀rù yàrá àyẹ̀wò. Àwa náà ní àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí oògùn ìbílẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997. A ní Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó. Yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ìpínlẹ̀ sì wà nínú Ìkòròdú níbí. Kí ló wá ń dá wa dúró?

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè nìyí. Àkọ́kọ́, kí a kọ orúkọ ewé kọ̀ọ̀kan sára ìgò ní Yorùbá àti ní orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, kí a sọ bóyá ewé ni, èèpo ni, tàbí egbò, àti iye tó wà níbẹ̀. Èkejì, kí ìwọ̀n wà: iye ṣíbí, iye ọjọ́, àti ìgbà tí a gbọdọ̀ dáwọ́ dúró. Ẹ̀kẹta, kí a kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà-gadagba pé aboyún, ọmọdé, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ní òkúta òróòro, ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n àti ẹni tó ń lo oògùn míràn kò gbọdọ̀ mu ún láì rí oníṣègùn tàbí dókítà. Ẹ̀kẹrin, ohunkóhun tí a bá pè ní oògùn ẹ̀dọ̀ tàbí ti òróòro kò gbọdọ̀ ní ọtí nínú. Ẹ̀karùn-ún, kí a mọ ibi tí a ti já ewé. Ewé ń fa òjé láti inú ilẹ̀. Èyí tó hù lẹ́bàá gọ́tà ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin kì í ṣe ewé oògùn mọ́, bó ti wù kó tutù yọ̀yọ̀ tó.

Àwọn ìyá wa tó ń ta agbo kò gbọdọ̀ kú sínú òfin yìí. Kí ẹgbẹ́ wa kọ́ wọn, kí a fún wọn ní ife tó ní ìlà ìwọ̀n, kí a kọ́ wọn ní ìbéèrè mẹ́ta péré kí wọ́n tó bu agbo fún ẹnikẹ́ni: báwo ni ojú rẹ, báwo ni ìtọ̀ rẹ, báwo ni ìgbẹ́ rẹ? Bí èyíkéyìí nínú ìdáhùn bá burú, kí wọ́n dá ife padà sórí tábìlì, kí wọ́n sì tọ́ka ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ìyá alágbo tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ Ọ̀sanyìn ju ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ ogún lọ.

A jà, ìjọba Èkó fún wa ní ìsinmi ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n bá wa ṣọdún Ìṣẹ̀ṣe. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún ni ìyẹn. Ikùn òṣìṣẹ́ ń ké ní gbogbo ọjọ́ tó kù. Bí a bá lè jà fún ọjọ́, ó yẹ kí a lè jà fún ìwọ̀n. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ọ̀dọ̀ wa ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtúnṣe ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí wọ́n bá gbé ìgò kan fún yín lọ́la pé ti àwọn baba yín ni, ẹ bi wọ́n ní orúkọ ewé inú rẹ̀. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe mu ún, ẹ má sì ṣe tà á, kí ẹ má sì ṣe dá orúkọ òrìṣà lé e lórí. Kí Ọ̀sanyìn má jẹ̀ẹ́ kí ewé ṣì wá lọ́nà. Kí ìmọ̀ má kú mọ́ wa lọ́wọ́.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.